Olóyè Tó Ń Tọ́ Orúkọ Wò

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Ẹ má torí pé mo lanu kí ẹ rò pé mo wà níbẹ̀, tàbí pé mo dúró lẹ́yìn fèrèsé gbọ́ ohun tí kò kàn mí. Ojú mi ò ríran dáadáa, etí mi náà, nítorí yẹtí ni Ọlọ́run ṣe dá a. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, gbogbo àdúgbò Ali Kazaure ní Jos ló sọ ọ́ fún mi. Bí Ali Kazaure bá parọ́, èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ.

Ohun tí mo ṣáà gbọ́ ni pé lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, tí owó epo ń ṣàn bí omi òjò, ojú àwọn Yorùbá tó wà ní Jos là sí orúkọ. Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún, awakọ̀ kan bí ọkùnrin, ó sọ ọ́ ní Ọwọ́ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ni ọmọ náà fi ń jẹun títí di òní. Ọdún tí wọ́n pa pọ́n-ùn tì tí náírà dé, aláṣọ kan lọ́jà Terminus sọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Náírà. Ọdún tí wọ́n ṣe àjọ̀dún àṣà ńlá nì ní Èkó, Festac pọ̀ nílẹ̀ ju òròmọdìẹ lọ. Ọkùnrin kan tó ra Pijó àlòkù sọ ọmọ tirẹ̀ ní Pijó, àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ náà kú sí ọ̀nà Bukuru, kíákíá ni ìyá ọmọ wá orúkọ mìíràn, kí ilé ayé má baà gbọ́ pé Pijó ti kú.

Ẹ máa ní kí ló burú ńbẹ̀. Àwọn àgbà ṣáà sọ pé ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó wo ilé títí, tí kò rí ju Pijó lọ, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń bí nínú jù ni Olóyè Dúródọlá Ọ̀pádọ̀tun, Ààrẹ Ẹgbẹ́ Àtàtà Ọmọ Káàárọ̀-Oò-Jíire ní Jos àti Agbègbè Rẹ̀. Olóyè ti ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó ń wa kùsà nílẹ̀ rí, ọ̀dọ̀ wọn ló ti kọ́ bí èèyàn pàtàkì ṣe ń wúkọ́. Kó tó sọ̀rọ̀, á wúkọ́. Bó bá sọ tán, á tún wúkọ́, kí ará ìlú lè mọ ibi tí ọgbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé dúró. Èèyàn kúkurú ni, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé ikọ́ lásán ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹgbẹ́ yìí ló ń pín ìsọ̀ fún àwọn ọmọ Yorùbá ní ẹsẹ̀ kan lọ́jà Terminus, ọ̀rọ̀ Olóyè sì ni ẹgbẹ́. Ẹni tí Olóyè bá wò ní ìwò kan báyìí, ojú òòrùn ni yóò ti máa tajà lọ́la.

Nígbà tó di ọjọ́ kan, Olóyè dìde nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ Oòduà! Mo dìde. Kì í ṣe pé àga ń gún mi, ìtìjú ló gún mi dìde! Kí òkè Jos tẹ́tí, kí àpáta Riyom ṣí fìlà! Ṣé orúkọ èèyàn ni Festac? Bí áńgẹ́lì bá pè é lọ́jọ́ ìdájọ́, ṣé èèyàn ni yóò jáde àbí ìlú òyìnbó ni wọ́n rò pé wọ́n ń pè? Láti òní lọ, kò sí ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n máa sọ lórúkọ ní Jos tí orúkọ náà kò ní kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Èmi ni n óò tọ́ ọ wò. Bí kò bá dùn, kò ní jáde!"

Ó wúkọ́. Olúmúyìwá, akọ̀wé ẹgbẹ́, ti fò dìde kí ikọ́ náà tó parí, ó ń kí i bí àwọn Haúsá ṣe ń kí ọba wọn.

"Ranka dede! Ahọ́n ọba! Ahọ́n tí kì í jẹ ìjẹkújẹ!"

Falilat, tó ń ta léèsì, nawọ́ sókè. "Olóyè, orúkọ ìsìn lèmi ń jẹ́ o. Ṣé ìyẹn náà yóò wá sórí ahọ́n?"

Olóyè ronú. Gbogbo gbọ̀ngàn bá a dákẹ́, nítorí bí Olóyè bá ń ronú, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn sín.

"Ọlọ́run gbọ́ Yorùbá," ló wí. "Orúkọ tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, Yorùbá ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àǹtí Lydia, tó ń tọ́jú ẹrù ẹgbẹ́, ní, "Ó dáa náà. Inú Bíbélì ni tèmi ti wá."

"Bíbélì wo?" Olóyè dá a lóhùn. "Ṣé London kọ́ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́?"

Kí ẹ má baà rò pé Olóyè ò ní làákàyè, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé ìpàdé tó ṣáájú ni Àǹtí Lydia bèèrè, níwájú gbogbo ayé, ohun tí tapólì ẹgbẹ́ ń ṣe lórí òrùlé Olóyè. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni òfin ti kúrò lórí ọmọ jòjòló tó gun àgbàlagbà. Olúmúyìwá ló kà á síta: ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹ́ orúkọ ẹ̀yà mìíràn tàbí ti òkè òkun kò gbọdọ̀ di ipò kankan mú nínú ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí Àǹtí Lydia dìde lórí àga.

Àǹtí Lydia dìde. Ó ká gèlè rẹ̀ dáadáa. "Òfin yín dára," ló wí. "Ẹ ṣáà má yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò ńbẹ̀ o."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ orúkọ wò nìyẹn. Ẹni tó bá bímọ á gbé orúkọ wá sí pálọ̀ Olóyè kí ọjọ́ ìkómọ tó pé. Bàbá ọmọ á dọ̀bálẹ̀, Olúmúyìwá á pe orúkọ náà jáde bí ẹni ń pe ìrun. Olóyè á dijú. Á ju ahọ́n síhìn-ín, á jù ú sọ́hùn-ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á máa lọ sókè sódò. Ẹnikẹ́ni kì í mí.

"Kò níyọ̀," Olóyè á wí.

"Kò níyọ̀ rárá!" Olúmúyìwá á tẹ̀ lé e. "Èmi gan-an ti rí i lójú ẹ̀ kó tó wọlé."

Bàbá ọmọ náà á gbà pé òótọ́ ni, òun náà ti ń fura. Olóyè á wá fún un ní orúkọ tó níyọ̀, ibi tó ti ń bu iyọ̀ náà ò sì jìnnà, inú Ọ̀pádọ̀tun, orúkọ bàbá tó bí Olóyè lọ́mọ, ni. Ó sọ èyí ní Ọ̀páyẹmí, ó sọ tọ̀hún ní Ọ̀pátọ́lá. Kódà ó ránṣẹ́ sí àwọn tó ti ń rìn nílẹ̀: Náírà di Ọ̀páníkẹ̀ẹ́, Festac tó wà ní ojúlé kejì sí mi di Ọ̀pábíyìí. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé ibi pé bí ìyá kan bá yọjú lójúde ní Ali Kazaure, tó kígbe pé "Ọ̀pá o!", ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò á jẹ́ ẹ, ìdajì tó kù á sá, wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ nà wọ́n.

Àsìkò yẹn ni Jùmọ̀kẹ́ bímọ.

Jos ni wọ́n bí Jùmọ̀kẹ́ sí. Bínú bá ń bí i, Haúsá ló fi ń sọ ọ́, bó bá ń bẹ ọkọ rẹ̀ ló ń wá Yorùbá. Olúgbóyèga ọkọ rẹ̀ ń ta abọ́ tánganran nínú ọ̀kan nínú àwọn ìsọ̀ ẹgbẹ́ ní Terminus. Ó ṣẹlẹ̀ pé Jùmọ̀kẹ́ lọ gba ẹrù ní Naraguta, lẹ́yìn ìlú, nígbà tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù. Òjò dé, ọkọ̀ ò sí, ìrọbí sì mú un. Obìnrin ẹ̀yà Berom kan tó ń gbin pòtétò, Kaneng lorúkọ rẹ̀, ló wọ́ ọ wọ ilé rẹ̀. Ọmọ jáde, ìwọ́ ti we ọmọ lọ́rùn, kò ké. Kaneng tú ìwọ́ náà, ó fẹnu fa ohun tó dí ọmọ nímú, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó gbá a nídìí, títí ọmọ fi figbe ta.

Jùmọ̀kẹ́ di ọwọ́ obìnrin náà mú. "Orúkọ rẹ ló máa jẹ́."

Kaneng rẹ́rìn-ín. "Haba! Àwọn èèyàn rẹ á gbà?"

"Ṣé àwọn èèyàn mi ló bá mi bí i?"

Ọ̀rọ̀ dùn ún sọ nínú òjò. Nígbà tí òjò dá, pálọ̀ Olóyè ló kàn.

Olúmúyìwá pe orúkọ náà jáde: "Kaneng!" Olóyè ò dijú pàápàá. Ó la ojú méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bu omi ìdọ̀tí sí lẹ́nu.

"Ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ wa ni, Olóyè," Jùmọ̀kẹ́ dáhùn lórí ìkúnlẹ̀. "Àdùkẹ́ ni oríkì rẹ̀, a ò sọ pé a ò ní sọ ọ́ ní ti Yorùbá. Kaneng yìí, àgbẹ̀ pòtétò ní Naraguta, ló fẹ́mìí sí i nínú, la fi ní kó jẹ́ ẹ mọ́ ọn."

"Ẹni tó bá gbé ẹrù fún ẹ ní Terminus, orúkọ rẹ̀ náà lo máa sọ ọmọ?" Olóyè wúkọ́, ó wá kọjú sí ọkọ. "Ìwọ Olúgbóyèga. Ìsọ̀ tó o wà yẹn, ọmọ Yorùbá ló wà fún. Ọ̀pábùnmi ni mo sọ ọmọ yìí. Bí mo bá gbọ́ Kaneng lọ́jọ́ ìkómọ, kó tánganran rẹ kí o lọ bá Kaneng ta pòtétò!"

"Kó lọ máa wú pòtétò nílẹ̀!" Olúmúyìwá fi kún un.

Nígbà tí wọ́n délé, Olúgbóyèga ti ilẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀. "Jùmọ̀kẹ́, jẹ́ ká máa pè é ní Kaneng nínú yàrá. Níta, kó máa jẹ́ Ọ̀pábùnmi. Ta ló máa mọ̀?"

"Kaneng á mọ̀. Ó ń bọ̀ wá síbi ìkómọ, èmi ni mo pè é. Kí n wá sọ fún un pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ sí?"

"Ìsọ̀ ńkọ́? Kí la fẹ́ jẹ?"

"N óò ru tánganran kiri. Orí mi ò ṣe nǹkan kan báyìí."

Olúgbóyèga wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo mọ ọ̀pọ̀ ọkọ tí wọ́n ń pè ní akíkanjú tí kò ṣe tó ìyẹn.

Ọjọ́ ìkómọ pé. Olóyè ní òun fúnra òun máa wá, kí ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ìlú. Ó kó gbogbo ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ lẹ́yìn, ọkùnrin kan ṣí agbòòrùn lé e lórí bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òòrùn, ó sì mú ìyá rẹ̀ dání, Ìyá Àgbà Ìbílọlá, nínú aṣọ tuntun tó gan mọ́ ara arúgbó náà bí bébà. Olóyè fẹ́ràn kí wọ́n máa rí ìyá òun, kò kàn fẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ọ ni. Gbogbo ìgbà tí Ìyá Àgbà bá ti la ẹnu láwùjọ, Olúmúyìwá ló mọ iṣẹ́ rẹ̀, á bú sí àtẹ́wọ́, gbogbo ilé á bá a pa á, ọ̀rọ̀ arúgbó á rì síbẹ̀. Ara ọlá Olóyè làwa rò pé ó jẹ́.

Kaneng jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú agbọ̀n pòtétò tó gbé wá fún ìyá ọmọ. Àǹtí Lydia náà wà ńbẹ̀, àga ṣáà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò gba ẹsẹ̀.

Olóyè sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀, nígbà tó máa fi dé Ògbómọ̀ṣọ́, iná ti kú lábẹ́ ìkòkò. Ọmọ nìkan ló gbọ́n nínú gbogbo wọn, ó sùn lọ. Níkẹyìn Olóyè tọ́ oyin sí ọmọ lẹ́nu. "Ọ̀pábùnmi ni orúkọ rẹ!"

"Ranka dede!" Olúmúyìwá kígbe.

Ẹ mọ̀ bí tiwa ṣe rí: bí olórí ẹbí bá sọ orúkọ tirẹ̀ tán, ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ á ju ohun tó ní sínú abọ́ omi, á sọ tirẹ̀. Kò sí ọba tó lè di ẹnu ìyẹn. Jùmọ̀kẹ́ dìde. Ó ju kọ́bọ̀ sínú omi, ó ró pìn-ín.

"Kaneng," ló wí.

Olúgbóyèga tẹ̀ lé e. Ó ju owó tirẹ̀ sínú omi. "Kaneng."

Olóyè wú bí búrẹ́dì. Kò rántí wúkọ́. "Ẹ̀yin méjèèjì! Ẹ fẹ́ fi orúkọ ààtàn ba ọmọ Yorùbá jẹ́! Orúkọ tí wọ́n lọ he lórí ààtàn! Ẹni tí wọ́n bá fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pè, kò lè ṣe olórí èèyàn láéláé!"

"Ajuji," ni Ìyá Àgbà wí.

Olúmúyìwá bú sí àtẹ́wọ́. Àǹtí Lydia di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Sinmi díẹ̀, àbúrò. Màmá ń sọ̀rọ̀."

"Ajuji, ìwọ lò ń bú ààtàn?" Ìyá Àgbà kò bínú, ẹnu ló yà á. "Ṣé orí ààtàn kọ́ ni wọ́n ti he ìwọ?"

"Màmá, ẹ jókòó," Olóyè wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Mo ti jókòó láti àárọ̀, ìdí ń ro mí. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Mẹ́ta ni mo sin kí n tó bí eléyìí. Níhìn-ín ní Jos. Nígbà tó dé, mi ò wò ó lójú, mo ní ọ̀nà ni yóò tún bá lọ. Ladi, aládùúgbò wa ará Kano, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ló gbé e kúrò lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sórí ààtàn ẹ̀yìnkùlé. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀, ó wá lọ gbé e bí ẹni tó rí nǹkan he. Ó ní, 'Ìyàwó, wo ohun tí mo rí lórí ààtàn, bá mi tọ́jú ẹ̀. Ajuji lorúkọ ẹ̀, ẹni orí ààtàn. Ikú kì í jí ohun tí wọ́n ti dà nù.' Bàbá rẹ̀ ní ẹ jẹ́ kóun náà bẹ̀ ẹ́ ní tiwa, ó sọ ọ́ ní Dúródọlá. Ti Yorùbá bẹ̀ ẹ́, ti Haúsá dì í mú. Títí ó fi lọ sílé ìwé, Ajuji là ń pè é. Ajuji ni mo ń pè é nílé di òní."

Dúródọlá! A kúkú ń pe orúkọ ọ̀hún lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé ta ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó dúró.

Kaneng ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó fi Haúsá kí Olóyè. "Ajuji? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà ń jẹ́ ẹ. Bàbá, sannu. Orúkọ tó dáa ni."

Àǹtí Lydia ò rẹ́rìn-ín. "Olóyè, arúgbó ni Màmá, arúgbó sì lè ṣì í sọ. Bí kì í bá ṣe orúkọ yín, ẹ sọ fún wa. Ẹ ní, 'Èmi kọ́ ni Ajuji.' Ọ̀rọ̀ parí."

Olóyè wúkọ́. Ó la ẹnu.

"Má sẹ́ ẹ o!" Ìyá Àgbà figbe ta. Ó ti dìde, ó dì mọ́ agbádá ọmọ rẹ̀. "Ajuji, mo bẹ̀ ẹ́, má sẹ́ ẹ! Ladi ní ọjọ́ tó o bá sẹ́ ẹ ni àwọn tó ti lọ máa wá pè ẹ́. Jẹ́ kí wọ́n gba àga wọn. Mi ò lè sin mẹ́rin."

Ẹ̀yin, mo ti rí Olóyè níbi tó ti ń bá sójà sọ̀rọ̀ tí kò wárìrì. Lọ́jọ́ yẹn, ó wo ìgbìmọ̀ rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ètè rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi pé ó ń tọ́ nǹkan wò. A dúró.

"Èmi ni," ló wí.

Ẹ máa rò pé Àǹtí Lydia ló máa ka òfin fún un. Rárá o. Olúmúyìwá ni. Ó gba ọwọ́ rẹ̀ padà, ó tún kọ́là ṣe, ó sì wí ketekete pé, gẹ́gẹ́ bí òfin tí ẹgbẹ́ ṣe, ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ ẹ̀yà mìíràn kò gbọdọ̀ di ipò mú, pé ọkàn òun bàjẹ́ gan-an, àti pé òun ni òfin sọ pé kó máa dípò Ààrẹ mú láti ìṣẹ́jú yẹn. Ọkùnrin tó ń di agbòòrùn mú ká agbòòrùn, ó ronú díẹ̀, ó wá ṣí i lé Olúmúyìwá lórí.

Falilat ju kọ́bọ̀ sínú omi. "Kaneng." Àǹtí Lydia jù. "Kaneng." Àwọn ìgbìmọ̀ náà ń ti ara wọn lọ síbi abọ́, wọ́n ń pè é, ẹlòmíràn ò tilẹ̀ lè pè é re. Ìyá Àgbà ló pè é kẹ́yìn, ó sì gbàdúrà fún un, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ìsọ̀ Olúgbóyèga ò lọ síbì kankan. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n fagi lé òfin orúkọ, wọ́n dá Àǹtí Lydia padà sórí àga rẹ̀, wọn ò mẹ́nu kan àga Olóyè, gbogbo ilé sì búra pé látilẹ̀ làwọn ò ti fara mọ́ òfin náà. Olúmúyìwá ní kí wọ́n lọ ká tapólì ẹgbẹ́ kúrò lórí ilé Olóyè. Wọ́n ká a, wọ́n sì nà án sórí ilé Olúmúyìwá, fún ìpamọ́. Ìyàwó rẹ̀ bí obìnrin lọ́dún náà. Ó sọ ọ́ ní Lydia.

Ọmọ Ìyá Àgbà ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Terminus láàárọ̀ láti ra obì. Àwọn Haúsá alóbì ló rọrùn fún: wọ́n á ní "Ajuji, ina kwana!", á dá wọn lóhùn, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Àwa Yorùbá lọ̀rọ̀ há mọ́ lọ́fun. A ò lè pè é ní Olóyè mọ́, àwọn ìgbìmọ̀ ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ọmọ àná tó lè pe ẹni tó jù ú lọ ní Ajuji. Bí ẹ bá sì sọ pé Dúródọlá, ṣe ló máa dà bíi pé ẹ tún ń bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ko ó lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọ̀la, tó dúró, tó ń retí kí ẹ kí òun, kí lẹ máa pè é?